Kéèkì ṣokoléètì tí a fi elégédé ṣe: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí àti ìdáhùn wọn

Láti ìgbà tí mo ti ń yan kéèkì fún àwọn ènìyàn ní Abẹ́òkúta, kò sí èyí tí wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tó kéèkì ṣokoléètì tí mo ń fi elégédé, kárọ́ọ̀tì tàbí ànàmọ́ ṣe. Àwọn kan ń béèrè nítorí pé dókítà ti ní kí wọ́n dín súgà kù. Àwọn mìíràn jẹ́ ìyá tí ọmọ wọn kì í fi ẹnu kan ewébẹ̀ kankan, àwọn kan sì rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe ń ṣe é nínú ilé ìdáná tèmi, pẹ̀lú ohun tí a lè rí rà ní ọjà Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá.

Kí ni ewébẹ̀ ń wá nínú kéèkì ṣokoléètì?

Omi ló ń bá a wá. Páúdà kòkó máa ń fa omi bí èlùbọ́ ṣe ń fà á, ìdí sì nìyẹn tí kéèkì ṣokoléètì fi ń tètè gbẹ lọ́fun. Àwọn tó ń yan kéèkì mọ èyí, nítorí náà wọ́n á da súgà àti bọ́tà púpọ̀ sí i, torí pé súgà máa ń di omi mú, ọ̀rá sì máa ń mú kí ara kéèkì rọ̀. Elégédé tí a sè tí a sì lọ̀, tàbí kárọ́ọ̀tì tí a rin wẹ́wẹ́, lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ méjèèjì yìí, nítorí pé omi ló pọ̀ jù nínú ara wọn, fáíbà inú wọn kì í sì í jẹ́ kí omi náà tètè gbẹ lórí iná. Bí a bá ti rí ohun tí yóò di omi mú, a lè dín súgà àti ọ̀rá kù láìjẹ́ pé kéèkì di pákó. Ẹni tó bá lóye kókó kan yìí kò ní ṣòro fún láti lóye gbogbo ìyókù.

Yàtọ̀ sí omi, ewébẹ̀ ní adùn díẹ̀ tirẹ̀, ó ní fáíbà, àwọ̀ òfééfèé tó wà lára elégédé àti kárọ́ọ̀tì sì jẹ́ ohun tí ara wa máa ń sọ di fítámì A. Àmọ́ kí n má tan yín: èyí tó wà nínú ègé kéèkì kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹ̀fọ́ kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí kéèkì mi pa ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tì.

Ewébẹ̀ wo ló dára jù?

Elégédé ni mo fi ṣe olórí, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Ó ń hù nítòsí wa, kò wọ́n ní àsìkò rẹ̀, kì í tètè bàjẹ́ bí a kò bá tíì gé e, bí a bá sì sè é tán, ó máa ń kúnná débi pé ẹnu kò ní mọ̀ pé ohun kan wà nínú kéèkì. Inú ìwé ìdáná àwọn òyìnbó, èyí tí wọ́n máa ń dárúkọ ni súkínì, tó jọ kùkúńbà, àwọn ènìyàn á sì wá a kiri títí. Ẹ má ṣe dà á láàmú. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni súkínì àti elégédé, èyí tó wà nílé sì dùn ju èyí tó wà lókè òkun lọ.

Kárọ́ọ̀tì dára tẹ̀lé e. Apá Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, nítorí náà owó rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò. Ojú wẹ́wẹ́ páànù onihò tí a fi ń rin ilá ni kí ẹ fi rin ín, torí pé èyí tó bá tóbi kò ní jinná, ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ yóò sì máa ṣa á. Ànàmọ́ náà dára gan-an, ó sì dùn ju méjèèjì lọ, àmọ́ ó wúwo, nítorí náà ẹ fi yógọ́ọ̀tì tàbí omi díẹ̀ kún un.

Bíítìrúùtù ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn. Wọ́n rò pé kéèkì náà yóò pupa. Àwọ̀ pupa rẹ̀ máa ń ṣá bí iná àti bẹ́kìn sóódà bá ti bá a, kòkó á sì bo ìyókù mọ́lẹ̀, tí kéèkì yóò fi dúdú tó jinlẹ̀, tó lẹ́wà. Ẹ sè é títí yóò fi rọ̀ kí ẹ tó lọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa rùn bí erùpẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Kùkúńbà kò yẹ fún un. Omi lásán ni.

Ẹ̀fọ́ tútù ńkọ́? Ṣé mo lè lo tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ tàbí ewé ugwu?

Ó ṣeé ṣe bí kò bá ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ, tí ẹ sì bọ̀ ọ́, tí ẹ fún un gbẹ, tí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Tẹ̀tẹ̀ nìkan ni mo ti lò tí inú mi dùn sí. Ugwu máa ń fi ara rẹ̀ hàn lẹ́nu. Ewúro, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún ọbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní ìwọ̀n àti ìlànà rẹ̀.

Ìwọ̀n yìí jẹ́ ti páànù kéèkì kan tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 23, a sì lè gé e sí ègé 12. Ẹ wá gíráàmù 250 elégédé tí ẹ ti sè, tí ẹ ti sẹ́ omi rẹ̀ dànù, tí ẹ sì ti lọ̀. Ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọn kò yọ èèpo rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 180, páúdà kòkó 60, súgà 100, dàbínù tí a ti yọ kóró rẹ̀ 100. Ẹyin mẹ́ta, òróró mílílítà 100, yógọ́ọ̀tì tí kò ní súgà mílílítà 120. Bẹ́kìn sóódà àti bẹ́kìn páúdà jẹ́ ṣíbí tíì kọ̀ọ̀kan, iyọ̀ jẹ́ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lè fi ife tó gba mílílítà 250 wọn ìyẹ̀fun ní ife kan àti ààbọ̀, kí ó sì wọn elégédé ní ife kan.

Ẹ da mílílítà 80 omi gbígbóná lé dàbínù, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ yọ dàbínù, kí ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ elégédé àti òróró, ṣùgbọ́n ẹ má da omi náà nù. Ẹ tún un gbé kaná kí ó gbóná, kí ẹ sì fi í po páúdà kòkó, nítorí pé omi gbígbóná ló máa ń tú òórùn kòkó sílẹ̀. Ẹ lu ẹyin pọ̀ mọ́ súgà títí yóò fi hó, ẹ da elégédé, kòkó àti yógọ́ọ̀tì sí i, lẹ́yìn náà ẹ ro ìyẹ̀fun mọ́ ọn. Ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Àwọn ènìyàn kì í ní sùúrù fún ibi yìí, bẹ́ẹ̀ èèpo àlìkámà ń fẹ́ àkókò láti mu omi, bí kò bá sì mu ún nínú abọ́, yóò mu ún nínú ófùùnù, kéèkì á sì le.

Ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ tó pa bẹ́kìn sóódà, bẹ́kìn páúdà àti iyọ̀ pọ̀, kí ẹ fi asẹ́ kù wọ́n lé e lórí, kí ẹ rọra rò ó títí ẹ kò fi ní rí funfun mọ́, kí ẹ sì gbé e wọ inú ófùùnù lójú ẹsẹ̀. Sóódà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìgbà tó ti kan yógọ́ọ̀tì, kò ní dúró de ẹni tó ń wá ìṣáná. Ooru 180°C ló yẹ ẹ́, èyí tí í ṣe nọ́ńbà 4 lára ọ̀pọ̀ ófùùnù onígáàsì, yóò sì lo ìṣẹ́jú 40 sí 45. Ẹ fi igi tín-ín-rín gún un láàárín. Bí ó bá jáde pẹ̀lú ẹ̀rún díẹ̀, ó ti jinná, ṣùgbọ́n bí ó bá jáde pẹ̀lú ohun tó ń ṣàn, kò tíì jinná.

Irú kòkó wo ni kí n rà?

Páúdà kòkó lásán, tí kò ní súgà, tí kò ní mílíìkì. Èyí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Tíì oníṣokoléètì inú agolo tí a ń pò fún àwọn ọmọdé láàárọ̀ kì í ṣe páúdà kòkó. Súgà àti mọ́ọ̀tì báálì ti pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn, kòkó inú wọn kò sì tó láti dá kéèkì dúró. Ẹ ka ara páálí rẹ̀: kòkó nìkan ló yẹ kí ẹ rí.

Kòkó lásán pẹ̀lú jẹ́ oríṣi méjì. Èyí tí wọn kò fi kẹ́míkà tọ́jú máa ń pupa rúsúrúsú, ó máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu, ìkan yẹn ló sì ń bá bẹ́kìn sóódà ṣiṣẹ́ láti mú kí kéèkì wú. Èkejì, tí àwọn ará Hóláńdì dá sílẹ̀, dúdú jù ú lọ, kò sì kan mọ́, nítorí pé wọ́n ti fi ohun tó jọ kánún pa ìkan rẹ̀. Bí ẹ bá ní èkejì lọ́wọ́, ẹ sọ bẹ́kìn páúdà di ṣíbí méjì, kí ẹ sì dín sóódà kù sí ìdámẹ́rin ṣíbí nítorí yógọ́ọ̀tì. Ó máa ń dùn mí pé kòkó ń so ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, owó kòkó ló sì wà lẹ́yìn Ilé Kòkó tí wọ́n kọ́ parí ní Ìbàdàn ní 1965, síbẹ̀ púpọ̀ nínú èso náà ń lọ sókè òkun láìlọ̀, a ó sì tún padà ra páúdà rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ṣé dandan ni ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọn kò yọ èèpo rẹ̀? Ṣé n kò lè lo láfún?

Kì í ṣe dandan. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè lo ìdajì ìyẹ̀fun funfun àti ìdajì èyí tó ní èèpo títí ẹnu yóò fi mọ́ ọn.

Ìrẹsì ọ̀fadà, tó gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìlú Ọ̀fadà ní agbègbè Ọbáfẹ́mi-Owódé, dára fún ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba àlìkámà. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kí ó gbẹ wọ́n-ín, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ kúnná, àmọ́ ẹ má gbé e lọ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata gbígbẹ. Òórùn ọ̀fadà tí gbogbo wa mọ̀ yóò wà níbẹ̀ díẹ̀, kòkó sì máa ń borí rẹ̀. Kò ní ohun tó ń so ìyẹ̀fun àlìkámà pọ̀, nítorí náà ẹ fi ẹyin kan kún ẹyin mẹ́ta, kí ẹ sì jẹ́ kí kéèkì náà tutù pátápátá kí ẹ tó gé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò rún. Èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dára bí kò bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìyẹ̀fun lọ.

Ní ti láfún, ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, n kò lè ṣe kí n má dán an wò. Ohun tó jáde nínú ófùùnù lọ́jọ́ náà fà bí gọ́ọ̀mù, ó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, ó sì ń rùn bí kòkó, òórùn méjèèjì kò sì gbà láti bára wọn gbé. Ẹ̀gẹ́ tí a ti rẹ kí ó kan ni láfún, omi àti iná ló sì ń sọ ọ́ di òkèlè. Ẹ jẹ́ kí ó máa jẹ́ òkèlè.

Ṣé oyin tàbí dàbínù kò sàn ju súgà lọ?

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Dàbínù ní fáíbà, kì í sì í jẹ́ kí kéèkì gbẹ, nítorí náà mo fẹ́ràn rẹ̀. Oyin dùn ju súgà lọ, èyí tó fi ṣeé ṣe láti lo díẹ̀, ṣùgbọ́n súgà náà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2015, wọ́n ka oyin mọ́ súgà tó yẹ kí a dín kù, wọ́n sì dámọ̀ràn pé kí irú súgà bẹ́ẹ̀ má tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa, pé yóò sì tún dára sí i bí kò bá tó ìdá 5, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 25 fún àgbàlagbà. Súgà tí a dà sínú ègé kan nínú kéèkì tí mo ṣàlàyé lókè tó gíráàmù 8, ìyẹn ṣíbí tíì méjì, láìka ti dàbínù. Fúnra yín ni kí ẹ ṣírò ohun tí ègé mẹ́rin jẹ́.

Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní kéèkì tí a fi oyin ṣe. Kòkòrò kan lè wà nínú oyin tí inú àgbà lè borí, tí inú ọmọ ìkókó kò lè borí, ooru ófùùnù kì í sì í pa irúgbìn rẹ̀.

Mo ní àtọ̀gbẹ. Ṣé mo lè jẹ ẹ́?

Dókítà yín tàbí onímọ̀ oúnjẹ tó ń tọ́jú yín ni kí ẹ bi, torí pé ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyẹ̀fun, dàbínù, ànàmọ́ àti elégédé pẹ̀lú yóò gbé súgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, bí ẹ kò bá tilẹ̀ fi hóró súgà kan sí i. Wọ́n máa ń ní kí n kọ “kò ní súgà” sára páálí kéèkì dàbínù kí ó lè tà. N kì í kọ ọ́.

Ṣé mo lè yọ òróró kúrò pátápátá?

Ẹ lè dín in kù sí mílílítà 60, kí ẹ sì fi elégédé kún un. Bí ẹ bá yọ ọ́ tán, kéèkì náà yóò máa fà bí rọ́bà. Òróró ẹ̀pà tí kò ní òórùn dára, òróró àgbọn náà dára. Epo pupa kò ṣeé lò.

N kò ní ófùùnù. Kí ni kí n ṣe?

Ìkòkò ńlá tó nípọn ni kí ẹ wá, èyí tó ní ìdérí tó dé dáadáa. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ tí ẹ ti fọ̀ mọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó ga tó ìka méjì, ẹ gbé òkúta pẹrẹsẹ mẹ́ta lé iyanrìn náà, kí páànù kéèkì má bàa fara kan ibi tó gbóná jù. Ẹ dé ìkòkò náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbóná fún ìṣẹ́jú 15 lórí iná tí kò le kí ẹ tó gbé kéèkì wọ inú rẹ̀. Yóò lo wákàtí kan tàbí kí ó lé díẹ̀. Ẹ má máa ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Fún ìṣẹ́jú 45 àkọ́kọ́, ẹ fi ọwọ́ mọ́ra.

Aṣọ tí ó mọ́ tí a ta sí abẹ́ ìdérí máa ń gba ooru omi tí ì bá máa kán sórí kéèkì, ṣùgbọ́n ẹ ká etí aṣọ náà sókè kí iná má bàa ràn án. Bí ó bá jẹ́ èédú ni ẹ ń lò, ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, torí pé èéfín èédú nínú yàrá tí a tì lè pa ènìyàn láìjẹ́ pé ó rí i. Mo fẹ́ràn kéèkì inú ìkòkò ju ti ófùùnù lọ fún irú èyí, nítorí pé ooru rẹ̀ kì í le, omi kì í sì í tètè kúrò lára kéèkì.

Kéèkì mi rì láàárín, inú rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Kí ló fà á?

Ẹ kú ìjàm̀bá o. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Kéèkì ìsọmọlórúkọ kan ní Àdátán ni. Mo ti rin kárọ́ọ̀tì láti alẹ́, mo fi í sílẹ̀, ó sun omi, mo sì da òun àti omi rẹ̀ sínú abọ́ láàárọ̀ nítorí pé mo ń kánjú. Nígbà tí ìyá ìkókó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ lójú àwọn àlejò, ohun tó bá ọ̀bẹ jáde ò yàtọ̀ sí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹ etí rẹ̀, àmọ́ ẹran ìtìjú ni mo jẹ délé.

Nítorí náà, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ sè elégédé pẹ̀lú omi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó sẹ́ nínú asẹ́ fún ìdajì wákàtí, kí ó lè dúró lórí ṣíbí láìṣàn. Kárọ́ọ̀tì tí ẹ bá rin, ẹ fún un díẹ̀, kí ẹ sì lò ó lójú ẹsẹ̀. Bí kì í bá ṣe omi, ó lè jẹ́ pé ẹ tètè ṣí ófùùnù, tàbí pé bẹ́kìn sóódà yín ti pẹ́ jù. Ẹ kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí sóódà díẹ̀ láti dán an wò: bí kò bá hó, ẹ sọ ọ́ nù.

Ṣé kí n sọ fún àwọn ọmọ pé elégédé wà nínú rẹ̀?

Ẹ sọ fún wọn. Àwọn ìyá kan máa ń fẹ́ kí n fi pa mọ́, n kò sì fara mọ́ ọn, nítorí pé ọmọ tó bá mọ̀ pé elégédé ló jẹ tó sì dùn kò ní sá nígbà tó bá rí i nínú ọbẹ̀. Ẹ tilẹ̀ fún wọn ní kárọ́ọ̀tì kí wọ́n rin ín fúnra wọn, kí ẹ kàn máa ṣọ́ ìka wọn. Bí kéèkì náà bá sì ń lọ sílé ẹ̀kọ́ tàbí síbi àríyá, ó tọ́ kí a sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún àwọn tí ẹyin, mílíìkì tàbí àlìkámà kì í bá lára mu.

Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó?

Nínú ooru Abẹ́òkúta, ọjọ́ méjì péré ni ó lè lò nínú abọ́ tí a dé, nítorí pé omi tó mú un rọ̀ náà ni yóò pe èébu sí i. Nínú fíríìjì, ó lè lò tó ọjọ́ márùn-ún bí iná bá dúró ire. Adùn rẹ̀ máa ń jinlẹ̀ sí i lọ́jọ́ kejì, nítorí náà ọjọ́ tó ṣáájú òde ni mo máa ń yan án.

Kí ni mo lè fi kun orí rẹ̀ dípò súgà funfun?

Píà tó ti rọ̀ dáadáa. Ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ṣíbí ìjẹun mẹ́ta páúdà kòkó, oyin ṣíbí méjì àti iyọ̀ ín-ń-tín. Yóò dán, yóò sì dúdú. Ọjọ́ tí ẹ bá kùn ún ni kí ẹ jẹ ẹ́.

Mo jẹ kéèkì bíítìrúùtù lánàá, ìtọ̀ mi sì pupa láàárọ̀ yìí. Ṣé kí n sáré lọ sílé ìwòsàn?

Àwọ̀ bíítìrúùtù máa ń gba ara àwọn kan kọjá bẹ́ẹ̀, kò sì ń ṣe nǹkan kan. Bí ó bá ṣì pupa lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí ẹ kò jẹ ẹ́ mọ́, tàbí tí ibì kan ń dùn yín, ẹ lọ rí dókítà.

Ṣé mo lè fún ajá mi ní èyí tó ṣẹ́kù?

Rárá. Ohun kan wà nínú kòkó tí ara ènìyàn tètè máa ń tú palẹ̀, tí ara ajá kì í tètè tú palẹ̀, ó sì lè pa á. Bí ó bá ti jẹ ẹ́ kí ẹ tó mọ̀, ẹ wo bí ó ṣe pọ̀ tó, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Àlàbàtà.